Asẹ́ Ẹ̀yìnkùlé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe

Iṣẹ́ tí Torgunn Hjelle ń ṣe ní ilé ìwòsàn pàjáwìrì ìlú Skarvika kò ju kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wo àwọn tó ń wọlé, kó sì sọ ẹni tí dókítà máa kọ́kọ́ rí. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Torgunn ti ń ṣe é láti ìgbà tí kò tíì ní ewú kankan lórí, ó sì mọ̀ pé ariwo ló ń ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà jù.

Ọkùnrin apẹja kan wọlé lọ́jọ́ kan, ìwọ̀ há sí i ní àtàǹpàkò, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lápá. Gbogbo àwọn tó jókòó ló ń ṣàánú rẹ̀. Torgunn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ bá ìyá kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó di báàgì rẹ̀ mú, tí òógùn tútù bò ní iwájú orí, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé o!" ni apẹja náà pariwo tẹ̀ lé e.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dé lóòótọ́," ni Torgunn dá a lóhùn láìwẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ kú. Jókòó, kí o má sì fa ìwọ̀ yẹn."

Ọkàn ìyá náà ló fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tètè bá a, kò sì kú. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ Torgunn ní Skarvika: obìnrin tó máa ń fi ẹni tó ń pariwo sílẹ̀, táá lọ bá ẹni tó dákẹ́.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé ọgbọ́n yìí kì í bá a délé. Ilé alájà mẹ́ta kan wà lẹ́sẹ̀ òkè tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jọ ni, Torgunn ń gbé ibẹ̀, òun sì ni alága wọn. Kò du oyè náà o. Ó jáde lọ gbọ́ fóònù níbi ìpàdé ni. Kó tó padà wọlé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún alága tuntun. Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti kúrò nínú ayé rẹ̀. Ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn pé ológbò aládùúgbò ń sùn sórí mọ́tò òun. Ẹlòmíì á ní àwọn kan ń fi bàtà onípákó gun àtẹ̀gùn, òun ò sì fẹ́ dárúkọ, ó wá dárúkọ. Odidi ìpàdé kan ni wọ́n fi jiyàn bóyá dúdú ni kí wọ́n fi kọ orúkọ sára àpótí lẹ́tà ni àbí búlúù. Torgunn á jókòó sáàárín wọn, á máa wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bi ara rẹ̀ pé irú àwọn èèyàn wo rèé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í da a láàmú. Ragnvald ni orúkọ rẹ̀, àgbà ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá ẹ̀yìn tó kọjú sí òkè. Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣiṣẹ́ jẹun, níbi tí ariwo pọ̀ dé tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì, ó sì jọ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná. Tí ó bá pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn, á ṣí fìlà, á mi orí, ó parí.

Odò kékeré kan ń ṣàn wá láti orí òkè, ó ń gba inú páìpù kan kọjá lábẹ́ ilé náà lọ sínú òkun. Asẹ́ irin wà lẹ́nu páìpù yìí, lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, láàárín igbó ṣúúrú. Bí ewé àti òkúta bá dí asẹ́ yìí, tí òjò ńlá sì dé, omi ò ní ibòmíì tó máa gbà ju ilẹ̀kùn Ragnvald lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Omi wọlé, ó ba ilẹ̀ jẹ́, ó ba àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó hunṣọ sí jẹ́. Vigdis, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Oslo, ó bá bàbá rẹ̀ nínú bàtà òjò láàárín yàrá. Ó sunkún díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀: tí omi bá tún wọ ilé yìí lẹ́ẹ̀kan péré sí i, bàbá ń lọ sí ilé àwọn arúgbó nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Gbogbo ilé ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Torgunn ló sì mọ̀ ọ́n jù, nítorí ìgbà òtútù tó kọjá, Ragnvald dá a dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Torgunn, ewé ti kún ojú asẹ́ yẹn o. Òkúta náà ti ń kó jọ síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, òun la máa kọ́kọ́ ṣe."

"Òun lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Òun gan-an. Kí a tó mu kọfí pàápàá."

Ó mi orí, ó wọlé lọ. Kò dárúkọ asẹ́ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀wẹ̀ ìgbà ìrúwé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré ní Skarvika. Gbogbo onílé ló gbọ́dọ̀ jáde wá tún àyíká ṣe. Ẹni tí kò bá yọjú, ojú ni wọ́n á fi máa jẹ ẹ́ níyà títí yìnyín á tún fi bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìwà àwọn èèyàn yìí: kí wọ́n ṣáà ti rí ọ lójúde ni gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀. Ohun tí o fọwọ́ rẹ ṣe kò kàn wọ́n. O lè di réèkì mú láti àárọ̀, kí o máa fi ha ibì kan ṣoṣo. Bí gbogbo èèyàn bá ti rí ọ pẹ̀lú réèkì lọ́wọ́, èèyàn dáadáa ni ọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ẹnì kejì. Kálukú ló ń mú iṣẹ́ tó bá wù ú. Ẹ̀yìnkùlé wá nìyí, níbi tí igbó ti bo èèyàn, tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí ọ. Ta ló fẹ́ lọ làágùn síbẹ̀, kí wọ́n máa jẹun lójúde kí wọ́n máa sọ pé kò wá? Ìdí nìyí tí asẹ́ náà fi máa ń dí lọ́dọọdún, tí ọgbà iwájú ilé sì máa ń dán bíi dígí.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, rédíò ti sọ láàárọ̀ pé òjò líle ń bọ̀ lọ́sàn-án. Torgunn dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe kókó lónìí. Asẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Òjò ń bọ̀. Mo fẹ́ èèyàn mẹ́rin tó ní ṣọ́bìrì, ká lọ ṣe é báyìí, ká tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí a bá ṣe ìyẹn nìkan tí a padà lọ sùn, ọ̀wẹ̀ wa ti dáa."

Gbogbo wọn mi orí. "Òótọ́ lo sọ," ni wọ́n ń wí. "Ó ṣe pàtàkì gan-an." Ragnvald náà dúró sẹ́yìn wọn nínú aṣọ òjò àtijọ́ rẹ̀, ó mi orí. Inú Torgunn dùn, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Ìgbà tó fi máa jáde láti ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, gbogbo àwọn tó ń mi orí ti fọ́n ká. Àwọn kan ń gbin òdòdó. Àwọn kan ń nu àga. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì ń fi í gbá eruku lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn tó ń kọjá lójú títì ti lè rí wọn. Kò rí Ragnvald, kò sì wá a.

"Torgunn! Torgunn, wá ná!"

Oddgeir nìyẹn, tíṣà iṣẹ́ káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn ọgbà onípákó iwájú ilé yẹn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó ṣí garawa ọ̀dà méjì sílẹ̀, búráùn kan, aláwọ̀ eérú kan.

"Wò ó dáadáa. Èwo lo rò pé ó yẹ?"

"Oddgeir, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o kùn. Mo ń lọ sẹ́yìn."

"Rárá o, alága gbọ́dọ̀ dá sí i. Àwọn tó ń gbé àjà òkè ń fẹ́ aláwọ̀ eérú. Tí mo bá kun búráùn, wọ́n á ní èmi ni mò ń ṣe bíi pé ilé bàbá mi ni. Ìṣẹ́jú kan péré, jàre."

"Ta ni ọgbà pa rí, Oddgeir?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ ikú? Ọ̀dà là ń sọ."

Ìṣẹ́jú kan yìí gùn o. Àwọn tòkè sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n kùn ún díẹ̀ síbí, wọ́n kùn ún díẹ̀ sọ́hùn-ún, wọ́n fà sẹ́yìn wọ́n di ojú kan wò ó. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè. Torgunn bá wọn parí rẹ̀ sí búráùn, ó yí padà pẹ̀lú ṣọ́bìrì rẹ̀, ni Solfrid bá tún ké láti ojú fèrèsé. Solfrid ló máa ń yan àkàrà wáfù fún gbogbo èèyàn ọ̀wẹ̀. Ó ti ki irin ìyan mẹ́ta sójú iná kan ṣoṣo, iná ilé ti lọ, ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún wáfù ń wú nínú abọ́.

"Torgunn, ìwọ lo ní kọ́kọ́rọ́ àpótí iná! Àbí kí àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ kí ebi máa pa wọ́n?"

"Solfrid, wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan."

"Ẹnu rẹ rèé! Sáré wá ṣí i, mi ò ní dá ọ dúró."

Torgunn mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Apẹja oníwọ̀ ní àtàǹpàkò ni gbogbo wọn, wọ́n ń ké, òun sì ń sáré tẹ̀ lé igbe wọn láti ibì kan dé ibòmíì, bíi nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá. Níbi iṣẹ́, á ti sọ pé kí wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kì í ṣe aláìsàn. Ọ̀la ni wàá tún pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, o ò sì fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní agbéraga. Ó gbé ṣọ́bìrì ti ògiri, ó lọ ṣí àpótí iná.

Ìgbà tí iná dé, wáfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ojúde. Kò sí ẹni tó jẹ́ dìde nídìí ìyẹn. Wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn ká, wọ́n ń fi jáàmù pupa sí i, wọ́n ń bu kọfí fúnra wọn, wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Torgunn jókòó sí ìpẹ̀kun, ó ń jẹ tirẹ̀ bíi pé ìyà ni.

"Ragnvald ò yọjú lọ́dún yìí," ni Oddgeir sọ pẹ̀lú wáfù lẹ́nu.

"Mo rí i láàárọ̀," ni Solfrid wí. "Àbí kò wù ú mọ́?"

"Àgbà ni, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó dá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kàn jókòó sójúde níbí, kó bá wa mu kọfí. Kò ṣáà le."

Torgunn yí ojú wo fèrèsé Ragnvald tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kọ́tìnnì wà ní títì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bàbá ti lọ na ẹ̀yìn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, kó má baà rí i pé àwọn ò tíì ṣe é. Ojú ti òun fúnra rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó dìde.

"Ó ti tó. Asẹ́ ló kàn báyìí. Ta ló ń bá mi lọ?"

"Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò kíá ná," ni Oddgeir dáhùn. "Kí òjò tó dé. A máa ń yà á lọ́dọọdún, ọgbà náà ò sì tíì rẹwà tó báyìí rí."

Ó dára. Wọ́n to ara wọn síwájú ọgbà búráùn. Wọ́n ní kí alága bọ́ sáàárín, ó bọ́ sáàárín. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀rín náà ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò tó ń bẹ ilẹ̀ wò rárá. Ó kàn tú dà sí wọn lórí ni. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sáré gbé garawa ọ̀dà àti abọ́ wọlé.

Torgunn mú ṣọ́bìrì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Ó ń bú wọn lọ́nà. Ó bú Oddgeir, ó bú ọgbà rẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin láyé yìí. Ó ya igbó ṣúúrú sọ́tùn-ún àti sósì, ó gun òkè náà pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì dé ibi asẹ́.

Asẹ́ náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ti kó ewé ibẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti to òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó ń to irinṣẹ́ sínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Omi ń wọnú páìpù lọ pẹ̀lú agbára. Ragnvald sì dùbúlẹ̀ lórí ewé tó kó jọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti yí síta, ó sì kúrú ju èkejì lọ. Torgunn ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé egungun ìbàdí ló ti dá. Ètè bàbá náà ti funfun.

"Bàbá! Ìgbà wo lẹ ti wà níbí?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Òkúta tó gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"Mo pè lẹ́ẹ̀kan." Ó sinmi díẹ̀. "Mò ń gbọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n má da kọfí yín rú. O ní o ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé o máa wá." Ó tún sinmi. "Ṣé omi ń lọ?"

"Ó ń lọ, Bàbá."

"Ó dáa nígbà yẹn."

Torgunn bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bò ó. Ó wá lanu, ó sì pariwo, obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Gbogbo ilé ló sáré wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mú ṣọ́bìrì dání. Ìgbà náà ni wọ́n wá rántí ṣọ́bìrì! Wọ́n dúró nínú òjò yí bàbá náà ká, wọ́n ń wo asẹ́ tó mọ́, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe.

"A rò pé kò wá ni," ni Oddgeir ń tún sọ ṣáá. "Torgunn, a rò pé kò wá ni."

"Dákẹ́," ni Torgunn wí. "Di agbòjò yẹn sí i lórí, kí o dákẹ́."

Òjò náà rọ̀ títí, kò sì dá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Torgunn ti ọ̀dọ̀ Ragnvald dé láti ilé ìwòsàn, ó fi kọ́kọ́rọ́ bàbá náà ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ yàrá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Ilẹ̀ náà gbẹ táútáú. Ó jókòó síbẹ̀, inú sì bí i débi pé kò lè sunkún. Kì í ṣe Oddgeir ló bínú sí mọ́. Ara rẹ̀ ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láṣeyọrí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbà kì í tètè gbọ́ràn, Ragnvald ò sì lè dá wà mọ́. Vigdis tún wá láti Oslo, ó ń di ẹrù bàbá rẹ̀ sínú páálí. Wọ́n ti gbé fọ́tò ọ̀wẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Vigdis dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá mi ńkọ́? Mi ò rí wọn nínú rẹ̀."

Torgunn wo ẹ̀rín ara rẹ̀ láàárín fọ́tò náà. "Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà," ló dá a lóhùn. "Àwọn nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́." Lọ́jọ́ náà gan-an ni Torgunn yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ó lọ kí Ragnvald ní ilé àwọn arúgbó nígbà tí ó ráyè. Ibẹ̀ mọ́, ó lọ́yàyà, ó sì kún fún ariwo aago. Gbogbo àga ló ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ tí ó bá nílò nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó wà ńbẹ̀ sì ń sáré káàkiri: ìyá kan tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n bá òun yí rédíò, bàbá kan tẹ̀ ẹ́ pé oòrùn ń wọ ojú òun. Ragnvald jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wo ìta. Kọfí rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀. Aṣọ tó fi bo ẹsẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, ẹsẹ̀ náà sì ń gbọ̀n.

"Torgunn! O wá." Ó fẹ́ ṣí fìlà, kò sí fìlà. "Ọ̀dà wo ni wọ́n padà fi kun ọgbà yẹn?"

"Búráùn, Bàbá."

"Búráùn dáa. Ilé mi ńkọ́, ṣé ó gbẹ?"

"Ó gbẹ. Omi kankan ò débẹ̀." Ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ara bàbá náà tutù. "Láti ìgbà wo ni aṣọ yìí ti já bọ́? Kí ló dé tí ẹ ò tẹ bọ́tìnnì?"

"Ọwọ́ àwọn ọmọ yìí dí," ni Ragnvald wí. "Wọ́n á rí mi tí àyè bá yọ."

Torgunn na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ara àga náà, ó tẹ̀ ẹ́, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má da àwọn èèyàn láàmú. Kò gbé ìka rẹ̀ kúrò títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.